Fèrèsé Tí Wọ́n Fi Páálí Dí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, bí wọ́n bá bi yín ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé níbo lẹ̀ ń gbé, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Mi ò ní kí ẹ má dáhùn. Ìjọba ni, ta ni yóò lóun ò dáhùn? Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò kà á. Ẹ tún bi wọ́n pé lẹ́yìn ẹni yẹn ńkọ́, ta tún ni? Èmi ò bi wọ́n. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Bàtà ni mo ń tún ṣe. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, n ò sì mọ bí àwọn tó mọ̀wé ṣe ń to ọ̀rọ̀, nítorí náà bí mo bá ń kọsẹ̀, ẹ mú un mọ́ra. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bí ẹnìkan bá dúró pẹ́ jù níwájú ìsọ̀ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá bàtà àna mi ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ó sá kúrò nílé ọkọ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, nítorí ọkọ náà ti ṣẹ́ ẹ lápá lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti sọ ọ́ lójú mi pé bí òun bá tún rí i, apá nìkan kọ́ ni òun máa ṣẹ́. A wá yàrá fún un. Ó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún àjẹsára ní ìjọba ìbílẹ̀, kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ dé ẹnu ọ̀nà. A tún sá. Mo wá lọ fẹjọ́ sùn ní ìjọba ìbílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ti jò. Akọ̀wé tó wà lórí káńtà ní kí n kọ ibi tí ọmọ náà wà báyìí, kí wọ́n lè mú èsì wá bá a níbẹ̀. Ilé àdúgbò wa ò ní nọ́ńbà. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe lè kọ ọ́: ilé tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, èyí tí wọ́n fi páálí dí fèrèsé iwájú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ọmọ mi ni, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní ọkọ òun ti wà nílé kejì sí èyí tí òun wà.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é ní ìjọba ìbílẹ̀. Òun ni wọ́n fi sídìí ẹjọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ àṣírí wọn jò síta. Yàrá rẹ̀ ò ju yàrá ìkẹ́rù lọ, ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ló wà, àga méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó sunwọ̀n ló máa ń fún àlejò jókòó. Obìnrin tín-ín-rín ni. Kì í pariwo. Ibi tí kò sí àyè ló ń gbà kọjá.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló bi mí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Kò bi mí pé ta ni mo fura sí. Ó bi mí pé, “Bàbá, kí ni ọkùnrin náà sọ gan-an nígbà tó dé àdúgbò yẹn? Ẹ má tún un ṣe o. Bó ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́ bí ọmọ mi ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tó tún pè, lẹ́yìn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kí ìyá tó ń ta èédú ní ìkòríta, ó kí i dáadáa, ó wá bi í pé ilé wo ni wọ́n fi páálí dí fèrèsé rẹ̀. Ìyá eléèédú ní ilé tó ní páálí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń wo fèrèsé. Ọmọ mi rí i láti inú ilé. Ó pọn ọmọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé fo ọgbà, ó sì bọ́ sọ́nà.

“Kí ló dé tí ìyá náà ní kò sí páálí?”

Mo ní nítorí pé mo ti fi gíláàsì sí i. Ọjọ́ tí mo wá fẹjọ́ sùn gan-an ni mo fi í sí i, nírọ̀lẹ́, nítorí òjò ti ń ṣú.

Abẹ́rẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ní tèmi, mo ti mọ ẹni tó dà wá. Awakọ̀ tó kó ẹrù wa ni. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sí ẹni tí kì í bá ṣeré. Mo sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́, mo tún sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n pè é wá. Awakọ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyè ò sì tó kí ó wọlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo fi kàn án, kò bínú bí mo ṣe rò. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù sí lára.

“Bàbá, èmi tí mo gbé gíláàsì yín lé itan bí ọmọ jòjòló, tí mo ń fi ọwọ́ kan wakọ̀ kí ó má baà fọ́, èmi lẹ ní mo tà yín?”

Abẹ́rẹ́ gbé orí sókè. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ, kí ó má bínú. Nígbà tó lọ tán, ó yíjú sí mi.

“Bàbá, awakọ̀ mọ̀ pé gíláàsì ló wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò mọ̀. Ọmọ yín mọ̀. Páálí ni àna yín ń wá. Ẹni tó sọ fún un kò fi ojú rí ilé yẹn rí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lọ́jọ́ yẹn ló kà.”

Mo ti fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ó pe akọ̀wé orí káńtà. Eékánná ọmọbìnrin náà gùn bí ṣíbí, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo rántí pé ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù lọ́jọ́ tí mo ń kọ̀wé, mo wá sọ fún ara mi pé aṣebi rèé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ti awakọ̀. Abẹ́rẹ́ bi í bóyá ó mọ àna mi. Kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í ibi tó fi ìwé ẹjọ́ mi sí. Ó ní inú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó bi í pé kí ó tó wọ kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?

Ọmọbìnrin náà dẹ́kun jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó ní òun ya fọ́tò rẹ̀, òun sì fi sínú ẹgbẹ́ orí fóònù, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ó gba àkókò kí ó tó yé èmi náà. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní tó ń fi ọ̀kadà kó ìwé kiri, ọ̀kadà náà sì ti kú tipẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wá dá ọgbọ́n. Ẹjọ́ yòówù tó bá dé, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ síbi tí gbogbo wọn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á béèrè pé, ta ló ń gbé lápá ibẹ̀? Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà nítòsí ni yóò mú èsì lọ bó bá ń relé. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì gba àjẹsára. Ìyẹn ló tú àṣírí yàrá àkọ́kọ́ tí ọmọ mi sá sí.

“Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?” Abẹ́rẹ́ bi í.

“Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, Màmá. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ kẹ̀.”

Òótọ́ ni, òun náà wà níbẹ̀. Ó ní òun kì í kà á, pé àdúrà àti àwòrán òdòdó ló kún ibẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé ojú tì í.

Ó kó wa lọ bá Ọ̀gá, olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn tábìlì ńlá, fáànù ń fẹ́ ẹ. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bá mi kẹ́dùn, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Abẹ́rẹ́ pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa lè ti fáìlì náà pa, nítorí àwọn tó wà lókè ń béèrè iye ẹjọ́ tó ṣì wà nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kò tíì ṣeé tì pa. Ó bẹ Ọ̀gá pé kí ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ sípàdé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá gbà, nítorí ó fẹ́ràn ìpàdé. Òfin ìpàdé rẹ̀ sì ni pé kí oníkálukú ju fóònù rẹ̀ sínú báàfù lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Òfin yẹn ni Abẹ́rẹ́ ń wá.

Nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé, tí báàfù ti kún, Abẹ́rẹ́ dúró síta pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọ ẹjọ́ èké kan sínú ẹgbẹ́ náà. Ó kọ ọ́ pé ìyá ọmọ tó ń sá kiri ti kó lọ sí ilé àkọ́kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù, pé aṣọ pupa ló fi ṣe ìlẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń gbé ilé náà. Awakọ̀ ló bá wa so aṣọ pupa kọ́ síbẹ̀. Ó ní kí n máa rántí ìyẹn nígbà míì tí mo bá fẹ́ pe òun ní ọ̀dàlẹ̀.

Èmi àti ọlọ́pàá kan tí kò wọṣọ iṣẹ́ wà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó kọjú sí ibẹ̀. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń fá irun mi díẹ̀díẹ̀ kí ó lè jọ òótọ́. Mo ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má wá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, á jẹ́ pé àṣìṣe lásán ni gbogbo rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ò tíì fá ju ìdajì orí mi lọ tí àna mi fi dé.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó kí àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù. Ó gbé aṣọ pupa sókè, ó yọjú wo inú ilé, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó ń wo òpópónà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ kọjá lára ìsọ̀ tí mo wà. Mo fa aṣọ onígbàjámọ̀ bo ojú. Ọlọ́pàá ní òun ò lè mú un, pé kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má wo inú ilé tó ṣófo. Àna mi sì lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú orí tí ìdajì rẹ̀ dán. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ìpàdé ò tíì tú, Bàbá. Gbogbo fóònù ṣì wà nínú báàfù. Síbẹ̀ ó gbọ́. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ wa kì í wá síbi iṣẹ́.”

Nígbà tí ìpàdé tú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú akọ̀wé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Eléyìí wà nípàdé. Eléyìí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹnìkan, akọ̀wé fẹ́ fò ó. Ó ní, ìyẹn ò kàn yín, Màmá, Bàbá Àdúrà ni.

Bàbá Àdúrà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ló ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí wọn nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹnìkan ti yọ ọ́ kúrò rí. Bàbá wọ aṣọ, ó dé fìlà, ó wá jókòó sẹ́nu géètì ìjọba ìbílẹ̀, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń wọlé pé kí ni òun ṣe fún wọn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jáde wá dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ yẹn. Akọ̀wé ní ta ló máa ti àgbàlagbà síta lẹ́ẹ̀kejì? Ó ní òun ò ní ṣe é.

A lọ bá a lọ́sàn-án, awakọ̀ ló gbé wa lọ. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó fún wa ní omi tútù. Ó kí mi, ó bi mí léèrè ẹbí, ó rí orí mi, ó sì wo ibòmíràn. Abẹ́rẹ́ sọ ohun tó gbé wa wá. Bàbá fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán, ó wá gbé fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní kí ó tú u wò. Ó ní bí ó bá rí ọ̀rọ̀ kan tí òun fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àdúrà, kí òun má jí lọ́la.

Abẹ́rẹ́ tú u. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àdúrà ni, àdúrà, àdúrà.

Mo rò pé a ti ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta. Abẹ́rẹ́ ò dá fóònù padà. Ó bi Bàbá pé ta ló bá a ṣètò fóònù yìí nígbà tó rà á. Ojú Bàbá tàn. Ó ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan ni, ọmọ dáadáa, tó máa ń wọ funfun. Ó ní ìyàwó ọmọ náà sá lọ, ọmọ náà ò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀.

“Kí ló bá yín ṣe sí i gan-an, Bàbá?”

“Ó ní kí àwọn àdúrà mi má baà sọnù. Ó so ó pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ohun tó bá wọ fóònù mi, á wọ tirẹ̀ náà.”

Bàbá wò mí, ó wo Abẹ́rẹ́. Mo rí i bí ó ṣe ń yé e. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù dún lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́.

Ọ̀gá ló kọ̀wé sínú ẹgbẹ́. Abẹ́rẹ́ kà á, ó yí fóònù náà sí mi, èmi náà rọra kà á. Ọ̀gá ní kí ẹni tó bá ń gbé lápá afárá jọ̀wọ́ wá gba lẹ́tà àforíjì, kí ó mú un lọ fún ìyá ọmọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Ó ní kí wọ́n lè ti fáìlì náà pa lónìí.

Ibẹ̀ la fi ọmọ mi pamọ́ sí láti ọjọ́ tó fo ọgbà. Àwa mẹ́ta péré la mọ̀: èmi, ọmọ mi, àti Abẹ́rẹ́.

“Mo kọ ọ́ sí ìròyìn fún un láàárọ̀,” Abẹ́rẹ́ wí. “Òfin ní kí n kọ ọ́.” Ó ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

Awakọ̀ sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo ń pe ọmọ mi, fóònù ń dún, kò gbé e. Mo tún pè. Abẹ́rẹ́ ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ga fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ń wo ọwọ́ mi. Gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ bàtà ti gbẹ mọ́ ọn, mo sì ń ṣí i kúrò, mo ń ṣí i kúrò, bí ẹni pé tí ó bá tán, ọmọ mi á gbé fóònù.

Nígbà tí a dé ilé ìfọṣọ, aṣọ funfun kún orí okùn, a ní láti máa fi ọwọ́ ya á kí a tó kọjá. Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ti já kúrò lára férémù. Àna mi wà nínú yàrá, ọlọ́pàá méjì ti dì í mú. Yàtọ̀ sí wọn, yàrá náà ṣófo. Kò sí ẹní, kò sí aṣọ ọmọ, kò sí kóòmù.

Àna mi rí mi. “Bàbá mi, ẹ káàsán,” ó wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wá kí mi nílé.

Mo jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyá tó ni ilé ìfọṣọ ló wá sọ fún wa pé ọmọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ láti àárọ̀, kété tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ó ní ó dúpẹ́, ó sì ti fọ gbogbo ife tó lò. Ọlọ́pàá ní nítorí ìlẹ̀kùn tó já, àwọn á mú ọkùnrin náà lọ. Mo bi wọ́n pé títí di ìgbà wo. Wọ́n ní ìyẹn ò sí lọ́wọ́ àwọn.

Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ló pè mí níbi tí mo jókòó sí. Mo gbọ́ tí ọmọ kékeré ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ omi tó ń ṣàn láti inú ẹ̀rọ. Ọmọ mi ní àlàáfíà ni àwọn wà. Mo bú sẹ́kún. Mo ní wọ́n ti mú un, kí ó sọ ibi tó wà kí n máa bọ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Abẹ́rẹ́ na ọwọ́, mo gbé fóònù fún un. Ó sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní òun ló jẹ̀bi tòní, òun á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹjọ́ lè rìn, ó yẹ kí òun mọ ibi tí àwọn á ti rí i, pé inú orí òun ni yóò wà, òun ò ní kọ ọ́ síbì kankan. Ọmọ mi gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó fún mi ní fóònù.

“Bàbá mi,” ó wí, “gbogbo ẹni tó kọ ibi tí mo wà sílẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Ẹ̀yin náà wà nínú wọn.”

Mo bi í bóyá èmi bàbá rẹ̀ náà ò gbọ́dọ̀ mọ̀.

“Ẹ jẹun lálẹ́ o. Ẹ má sì tún pe nọ́ńbà yìí, ẹni tó ni ín ti fẹ́ gbà á.”

Mo ní kí ó sọ ọ̀kan ṣoṣo fún mi, bóyá ó jìnnà, bóyá kò jìnnà.

“Mi ò ní sọ ìyẹn náà, Bàbá.”